Bulldoze: ṣé ẹ̀rọ ló bí ọ̀rọ̀ ni, àbí ọ̀rọ̀ ló bí ẹ̀rọ?

Ìbéèrè tó wọlé sí mi lọ́sẹ̀ yìí rèé, bí ẹni náà ṣe kọ ọ́ gan-an: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Lẹ́ẹ̀mejì ni mo gbọ́ ọ̀rọ̀ kan láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Ọ̀gá wa sọ ní mítìǹgì pé ẹnì kan ń bulldoze àwa yòókù, ìgbà tó tún yá mo kà á níbì kan pé wọ́n bulldoze òfin kan kọjá nílé ìgbìmọ̀. Èmi o, katapílà tó ń wólé nìkan ni mo mọ̀ tó ń jẹ́ bulldozer. Ṣé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti wá? Kí ni 'doze', tó túmọ̀ sí kéèyàn tòògbé, wá ń ṣe níbẹ̀? Tí mo bá sì fẹ́ sọ ọ́ ní Yorùbá, báwo ni kí n ṣe sọ ọ́?"

Àbúrò, ìbéèrè gidi lẹ bi yìí o. Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ dáhùn èyí tó rọrùn. Rárá, ọ̀rọ̀ yẹn ò ti ara ẹ̀rọ wá, ẹ̀rọ ló yá orúkọ lọ́wọ́ ọ̀rọ̀. Èèyàn ẹlẹ́ran ara báyìí ni wọ́n kọ́kọ́ ń pè ní bulldozer ní Amẹ́ríkà, ẹni tó mú ẹgba tàbí ìbọn dání tó ń kanlẹ̀kùn onílẹ̀kùn lóru. Ọdún 1876 ló bẹ̀rẹ̀ sí í hàn nínú ìwé ìròyìn wọn, ẹ̀rọ tó ń ti yẹ̀pẹ̀ ò sì rí orúkọ yẹn gbà sínú ìwé títí di nǹkan bí 1930, ẹ ṣírò ẹ̀ wò, ó lé ní àádọ́ta ọdún láàárín àwọn méjèèjì. Ní 1876 yẹn tirakítọ̀ onípẹtiróòlù ò tíì sí láyé, ẹṣin àti ìbaaka ló ń fa nǹkan lóko wọn. Torí náà, ẹni tó bá sọ fún yín pé ara ẹ̀rọ la ti fa ọ̀rọ̀ náà yọ, ó ti gbé ọmọ bí bàbá nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ "doze" ńkọ́? Kò sí oorun kankan níbẹ̀. "Dose" ni, ìyẹn ìwọ̀n oògùn tí dókítà máa ń ní kéèyàn lò, ọ̀rọ̀ tó tọ èdè Gíríìkì wá, níbi tó ti túmọ̀ sí fífúnni ní nǹkan. "Bull" sì ni akọ màlúù. Àwọn tó gbáyé nígbà tí ọ̀rọ̀ náà jáde ṣàlàyé ẹ̀ pé ìwọ̀n tó tó akọ màlúù ni, ìyẹn ni pé ẹgba tí wọ́n máa na onítọ̀hún máa pọ̀ débi pé màlúù gan-an á gbà pé òun jẹyà. Ẹ mọ bí àwa náà ṣe máa ń sọ nípa ọmọ tó bá ya pòkíì pé ẹgba loògùn ẹ̀, irú àwàdà burúkú yẹn náà ni, àwọn tó ń nani ló ń pè é ní oògùn, ẹni tí wọ́n ń nà ò ní pè é bẹ́ẹ̀. Àwọn míì ní ẹgba awọ gígùn tí wọ́n fi ń da màlúù, tí "bull" wà nínú orúkọ ẹ̀ náà, ló fa orúkọ yẹn. Lójú tèmi àlàyé méjèèjì ò bára wọn jà, torí ẹni tó bá mú ẹgba màlúù lọ́wọ́ ò ní ronú jìnnà kó tó rántí màlúù. Wọ́n kọ́kọ́ ń fi "s" kọ ọ́, àwọn míì fi àmì pín in sí méjì, kò pẹ́ tí "z" fi gbapò, bí ìtòògbé ṣe ráàyè wọbẹ̀ nìyẹn.

Kí n tó gbàgbé, ẹ má lọ so ó mọ́ "bully" o. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló rò pé akọ màlúù náà ló wà nínú "bully", kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, olólùfẹ́ ni wọ́n ń pè ní "bully", èdè Dutch ló sì jọ pé wọ́n ti mú un, ìtumọ̀ ẹ̀ ń yí díẹ̀díẹ̀ títí tó fi di jàgídíjàgan tó ń fìyà jẹ ẹni tí kò tó o. Bí ọ̀rọ̀ ṣe ń bàjẹ́ nìyẹn, àmọ́ ìtàn tiẹ̀ tún yàtọ̀.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sí 1876, torí ibẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ wà. Ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà parí ní 1865, ọdún yẹn náà ni wọ́n fòpin sí ìkónilẹ́rú, nígbà tó sì di 1870 wọ́n fi kún òfin ìpìlẹ̀ wọn pé ẹnì kankan ò gbọ́dọ̀ torí àwọ̀ ara tàbí torí pé èèyàn ti ṣẹrú rí fi ẹ̀tọ́ ìbò dù ú. Àwọn ọkùnrin aláwọ̀ dúdú tó jẹ́ ẹrú lánàá di olùdìbò. Ní ìpínlẹ̀ bíi Louisiana wọ́n pọ̀ gan-an, ọ̀pọ̀ wọn sì ń dìbò fún Republican tó jẹ́ ẹgbẹ́ Lincoln, ààrẹ ìgbà ogun náà. Àwọn aláwọ̀ funfun tó ti ń pàṣẹ tẹ́lẹ̀, Democrat ni púpọ̀ nínú wọn nígbà yẹn (ẹ má fi ẹgbẹ́ méjèèjì ti òde òní wò ó rárá, nǹkan ti yí), kò sì sí bí wọ́n ṣe lè fi iye orí wọlé láwọn àdúgbò tí aláwọ̀ dúdú ti pọ̀ jù wọ́n lọ. Ọ̀nà tó kù ni kí ẹni tó fẹ́ dìbò má lè jáde nílé.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe é ò lọ́jú pọ̀. Àwọn ọkùnrin á gun ẹṣin lóru, wọ́n á lọ sí ilé ẹni tí wọ́n mọ̀ pé ó ń kó àwọn èèyàn jọ fún Republican, wọ́n á pè é jáde, wọ́n á nà án, wọ́n á wá sọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ fún un tó bá tún dìbò bó ṣe ń dì í tẹ́lẹ̀. Àwọn kan ò tiẹ̀ rí ìkìlọ̀ gbà, wọ́n pa wọ́n ni. Parish ni wọ́n ń pe ìjọba ìbílẹ̀ ní Louisiana, márùn-ún nínú ẹ̀ lorúkọ wọn sì wá gba gbogbo ìwé ìròyìn kan: East Feliciana, West Feliciana, East Baton Rouge, Morehouse àti Ouachita. "Bulldozed parishes" ni wọ́n ń pe márààrún. East Feliciana yìí, tó jẹ́ ibi tí Republican ti máa ń rí ìbò tó jọjú tẹ́lẹ̀, ìbò wọn níbẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ di òdo lọ́dún yẹn. Láti Ouachita, wọ́n gbé obìnrin kan tó ń jẹ́ Eliza Pinkston sórí àga wọ iwájú ìgbìmọ̀ tó ń ka ìbò ní New Orleans torí ọgbẹ́ ara ẹ̀ ò jẹ́ kó lè rìn, ó ní àwọn tó wá lóru pa Henry ọkọ òun, wọ́n sì pa ọmọ òun tó ṣì kéré. Àwọn Democrat ní irọ́ ló ń pa. Kí n sọ òótọ́, àwọn ìwé ìròyìn kan nígbà yẹn tún ní aláwọ̀ dúdú náà ń fi bulldose na aláwọ̀ dúdú ẹgbẹ́ ẹ̀ tó bá fẹ́ lọ dìbò fún Democrat, kálukú ń tọ́ka sí ẹnì kejì. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí ìbò ti pòórá, ẹ ó mọ ibi tí ẹgba ti bọ́ sí jù.

Kí ló wá dé tí ọ̀rọ̀ àdúgbò kan fi di ti gbogbo Amẹ́ríkà? Torí pé ìbò ààrẹ ni. Samuel Tilden ti Democrat ti ní 184 nínú ìbò àwọn aṣojú tó ń yan ààrẹ, Rutherford Hayes ti Republican ní 165, èèyàn sì nílò 185 kó tó wọlé, ẹ wá wò ó, ìbò kan péré ló kù fún Tilden! Ogún ló wà nílẹ̀ tí wọ́n ń jà lé lórí, mẹ́jọ nínú ogún yẹn jẹ́ ti Louisiana. Ìgbìmọ̀ tó ń ka ìbò ní Louisiana, Republican ni gbogbo wọn, wọ́n ní torí ìwà bulldozing àwọn máa da ìbò àwọn ibì kan nù, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìbò ni wọ́n dà nù lóòótọ́, èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀ sì jẹ́ ti Tilden, ni Louisiana bá bọ́ sọ́wọ́ Hayes. Ọ̀rọ̀ náà di wàhálà, wọ́n gbé ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kalẹ̀, mẹ́jọ dìbò síbí, méje dìbò sọ́hùn-ún, Hayes fi 185 sí 184 di ààrẹ. Ẹ rò ó wò, fún odindi oṣù mẹ́ta-mẹ́rin gbogbo ìlú ò sọ nǹkan míì, ohun tí wọ́n sì ń bi ara wọn ni pé ta ló bulldoze ta. James Garfield tó di ààrẹ ní 1881 wà lára àwọn tó lọ sí New Orleans nígbà yẹn, ẹ̀rí àwọn ará West Feliciana gan-an ni wọ́n kó fún un yẹ̀ wò. Bí ọ̀rọ̀ tí àwọn oníjàgídíjàgan abúlé ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ ṣe dé ẹnu ọmọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin nìyẹn.

Láti ibẹ̀ ó bẹ̀rẹ̀ sí í tàn. Ìbò ò tiẹ̀ ní sí níbẹ̀ mọ́, ẹni tó bá ń dúnkookò mọ́ ẹnì kejì kó lè rí nǹkan gbà, wọ́n á ní ó ń bulldoze ẹ̀. Nígbà tó fi máa di 1881, ìbọn ìléwọ́ ńlá kan ti ń jẹ́ bulldozer. Àwọn alágbẹ̀dẹ ilé iṣẹ́ ńlá náà sọ ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ irin, ìyẹn èyí tó ń fi agbára ti irin títí tó fi tẹ̀, ní bulldozer. Ẹ ṣàkíyèsí pé nǹkan mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí, èèyàn o, ìbọn o, ẹ̀rọ tó ń tẹ irin o, kò sí ìkankan níbẹ̀ tó ń ti yẹ̀pẹ̀. Ohun tó kàn so wọ́n pọ̀ ni pé tí wọ́n bá dé iwájú yín, ẹ ò lè sọ pé ẹ ò ṣe.

Apá tó máa ń yà mí lẹ́nu jù lọ rèé. Ní 1879, ẹgbẹẹgbẹ̀rún aláwọ̀ dúdú kó ẹrù wọn ní Louisiana, Mississippi àti Texas, wọ́n forí lé Kansas, wọ́n ní àwọn ò lè fara da ìyà náà mọ́. Exodusters ni ìtàn ń pè wọ́n, bí àwọn ọmọ Ísírẹ́lì tó jáde ní Íjíbítì. Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà gbé ìgbìmọ̀ dìde ní 1880 láti mọ ìdí tí wọ́n fi ń sá, ọ̀kan nínú àwọn tó jẹ́rìí níbẹ̀ ni Henry Adams, ẹrú àná tó ti di sójà rí, tó ti ń lọ káàkiri Louisiana tó ń kọ orúkọ àwọn tí wọ́n pa àti àwọn tí wọ́n nà sílẹ̀. Bulldozing wà nínú ohun tí wọ́n ń sá fún. Ẹ wá gbọ́ o: Kansas tí wọ́n sá lọ yẹn náà ni ọ̀dọ́ àgbẹ̀ kan tó ń jẹ́ James Cummings àti J. Earl McLeod tó ń yàwòrán ẹ̀rọ ti kan abẹ irin fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ mọ́ iwájú tirakítọ̀ ní 1923, ní ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Morrowville, torí wọ́n ń wa ihò tí wọ́n ri páìpù epo sí, wọ́n sì nílò ohun tó máa ti yẹ̀pẹ̀ padà sínú ẹ̀. Wọ́n gba ìwé ẹ̀tọ́ fún un ní January 1925. Orúkọ tí wọ́n kọ sórí ìwé yẹn, ohun àsomọ́ fún tirakítọ̀ ni, bulldozer ò sí níbẹ̀ rárá. Àwọn tó ń lò ó ló fún un lórúkọ tó ń bani lẹ́rù yẹn lẹ́yìn ìgbà náà. Ká má parọ́, èmi ò gbà pé ẹnikẹ́ni nínú wọn ń ro ti àwọn ará Feliciana nígbà tí wọ́n ń pe irin ní bulldozer, ọ̀rọ̀ náà ti di ọ̀rọ̀ ọjà lásán nígbà yẹn, ohun tó bá ti lágbára tí ò gbẹ̀bẹ̀ ni.

Lẹ́yìn náà Ogun Àgbáyé Kejì dé, àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà kó katapílà lọ sí àwọn erékùṣù inú òkun Pàsífíìkì, wọ́n fi ń la ibi tí ọkọ̀ òfuurufú máa balẹ̀ sí, àsìkò yẹn ni "to bulldoze" wá di pé kéèyàn fi ẹ̀rọ tẹ́ ilẹ̀ tàbí wó nǹkan. Ibí gan-an ni nǹkan ti dojú rú, torí ọmọ wá borúkọ bàbá mọ́lẹ̀. Láyé ìsinyìí tẹ́ ẹ bá bi òyìnbó mẹ́wàá ohun tó ń rí lọ́kàn tó bá gbọ́ bulldoze, katapílà ni gbogbo wọn máa sọ. Kì í sì í ṣe pé àwòrán yẹn kàn ń ṣe wọ́n bẹ́ẹ̀ lásán, ó ti yí ìtumọ̀ pa dà. Bulldoze ti 1876, ẹ̀rù ló wà níbẹ̀: mo máa nà ọ́, o sì mọ̀ pé mo máa nà ọ́, torí náà jókòó sílé. Ẹni tó ń ṣe é mọ̀ pé èèyàn lòun dojú kọ, ọkàn onítọ̀hún gan-an ló fẹ́ ṣẹ́. Bulldoze ti òde òní, àìkanisí ló wà níbẹ̀. Katapílà kì í halẹ̀ mọ́ ògiri kó tó wó o, kò tiẹ̀ mọ̀ pé ògiri wà níbẹ̀. Ohun tí ọ̀gá yín sọ ní mítìǹgì nìyẹn, ó ń sọ pé ẹni yẹn ń sọ̀rọ̀ lọ ràì bí ẹni pé ẹ̀yin yòókù ò lẹ́nu, kò sọ pé ó ń fi ẹgba lé yín kiri.

Tẹ́ ẹ bá ń lò ó ní Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ kékeré tó tẹ̀ lé e ni kẹ́ ẹ máa wò. Tí "into" bá tẹ̀ lé e, èèyàn ni wọ́n ń tì, wọ́n fẹ́ kó ṣe nǹkan tí kò fẹ́ ṣe, èyí ló ṣì sún mọ́ ìtumọ̀ ìbẹ̀rẹ̀ jù. Tó bá jẹ́ "through", nǹkan ni wọ́n ń tì kọjá, bí òfin tẹ́ ẹ kà nípa ẹ̀ yẹn. "Over" ni ti ẹni tí wọ́n tẹ èrò ẹ̀ mọ́lẹ̀. Tí ò bá sí èyíkéyìí níbẹ̀ tó sì jẹ́ ilé tàbí igbó ni wọ́n dárúkọ, katapílà gidi ni, ẹ má wá àpẹẹrẹ kiri.

Àwọn ọ̀rọ̀ míì wà tó jọ ọ́, mi ò ní pẹ́ lórí wọn. "Coerce" wá láti èdè Látìn, ohun tó túmọ̀ sí níbẹ̀ ni pé kéèyàn sé nǹkan mọ́, bí ẹni ṣe ń sé ẹran mọ́ inú ọgbà, ìdí nìyẹn tó fi máa ń dún bí ọ̀rọ̀ ilé ẹjọ́. "Dragoon" ló jọ bulldoze jù nínú ìwà, torí òun náà ti ara èèyàn wá: dragoon ni sójà ẹlẹ́ṣin, Ọba Louis Kẹrìnlá ti ilẹ̀ Faransé sì kó wọn sínú ilé àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì láti 1681 kí wọ́n máa gbé níbẹ̀, kí wọ́n máa jẹ, kí wọ́n máa ba nǹkan jẹ́, títí onílé á fi yí ẹ̀sìn ẹ̀ pa dà. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì wá sọ orúkọ sójà yẹn di ọ̀rọ̀ ìṣe. Ó jọ pé bó ṣe máa ń rí nìyẹn, ẹni tó bá fìyà jẹ aráyé tó bẹ́ẹ̀, wọ́n á sọ orúkọ ẹ̀ di ìṣe.

Ó ku ti Yorùbá tẹ́ ẹ béèrè. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ò lè gbé gbogbo ẹ̀ ó, ẹni tó bá ní "fipá mú" ti tó, kò tíì gbìyànjú ẹ̀ wò nínú gbólóhùn ni. Fún ti àwọn ará Louisiana yẹn, "dúnkookò mọ́" ló bá a mu, tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ kí ẹgba hàn níbẹ̀, ẹ ní wọ́n fi ẹgba lé wọn kúrò nídìí ìbò. Fún òfin tó kọjá nílé ìgbìmọ̀, "tìpátìkúùkù ni wọ́n fi gbé e kọjá" dùn létí, ó sì péye, torí ipá wà níbẹ̀, ìkúùkù náà wà níbẹ̀, èmi ò rí Gẹ̀ẹ́sì tó dáa tó yẹn. Ti mítìǹgì yín ni ò rọrùn. "Ó ń fipá mú wa" ti le jù, wọ́n á rò pé ó dì yín lọ́wọ́ ni. "Ó ń halẹ̀ mọ́ wa" náà kọ́, ṣebí kò halẹ̀. Èmi á ní "ó ń tẹ̀ wá lórí mọ́lẹ̀ kọjá", torí ẹni tó bá tẹ̀ yín lórí mọ́lẹ̀ kọjá, ó lè jẹ́ pé ibi tó ń lọ ló ń wò, kò tiẹ̀ bojú wolẹ̀. Àmọ́ o, tó bá jẹ́ pé ohùn onítọ̀hún kàn lọ sókè ni, tó sì dákẹ́ nígbà tẹ́ ẹ fẹ́ fèsì, ẹ bá mi sọ fún ọ̀gá yín pé bulldoze kọ́ nìyẹn, ariwo ni.